Pèrègún Inú Pálọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí. Mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n òwe tí ènìyàn mọ̀ lórí yàtọ̀ sí òwe tí ó ti ṣẹ sí ènìyàn lára. Ní ọdún 2023 ni èyí ṣẹ sí mi lára. Igi kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ, tí ó wà nínú ìkòkò ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ mi ní Ìwó Road, ni ó fi yé mi.

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò mọ Ìwó Road. Oríta ńlá ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Èkó wá, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 1978, ti pàdé ọ̀nà Ifẹ̀ àti ọ̀nà Ìwó, àti èyí tí ó gba Òjóò lọ sí Ọ̀yọ́. Láti ìdájí ni àwọn onímọ́tò Micra ti máa ń ké "Gate! Gate!" títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èéfín ọkọ̀ kì í dá, eruku kì í sinmi. Àjà kejì ilé petẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, fèrèsé pálọ̀ mi sì kọjú sí títì gan-an. A kò ní ẹ̀yìnkùlé. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà sílẹ̀ láti ẹnu géètì títí dé ìdí ògiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ewéko kan níbẹ̀, àfi kí ó gbé e wọ inú yàrá.

Ọmọbìnrin mi ni ó gbé igi tí mò ń sọ yìí wálé. Bódìjà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó sì mú lọ bá àwọn tí ń ta òdòdó nínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì. Ó ní òun kà á níbì kan pé irú igi bẹ́ẹ̀ a máa fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́, pé yóò bá òun gba bàbá òun lọ́wọ́ èéfín. Ewé rẹ̀ gùn bí ewé àgbàdo, ìlà àwọ̀ ìyeyè kan sì la àárín ewé kọ̀ọ̀kan kọjá. Ẹni tí ó tà á pè é ní Dracaena fún un. Èmi a máa pè é ní òdòdó òyìnbó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Èkó ní ibùdókọ̀ tí mo lè rí láti ojú fèrèsé mi, ó sì gba ibẹ̀ wọ bàálù lọ sí Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó fa igi náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ o. Kí n tó padà dé, kí ó ti ga dé ojú fèrèsé."

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ó máa ń pè mí lórí fóònù. Bí a bá ti kíra tán, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni, "Dádì, òdòdó mi ńkọ́?" Nígbà àkọ́kọ́, mo ní ó ń ṣe dáadáa, òótọ́ ni mo sì sọ. Nígbà tí ọdún yí, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, mo ṣì ní ó ń ṣe dáadáa. Ní àkókò ọdún Àjíǹde ọdún 2022, mo ní ó ti dé àyà mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irọ́ mi ni ó ń dàgbà, igi dúró sójú kan. Ewé méje péré ni ó kù lórí rẹ̀, ṣónṣó wọn sì ti gbẹ bí ẹni fi iná jó o. Ọmọ ní kí n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, mo ní ojú fóònù mi ti ṣú.

Ohun tí ó mú mi purọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ tí ó wà ní ìlú òtútù, tí ń dá nìkan gbé, kí ni bàbá rẹ̀ lè fi ránṣẹ́ sí i? Owó tí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ń gbà ní orílẹ̀-èdè yìí kò ra nǹkan kan tí ó lórúkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn ayọ̀ nìkan ni mo ní, mo sì ń fi ránṣẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ó pè mí, ó ní òun ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà mo bojú wo kọ̀rọ̀ pálọ̀, inú mi sì bàjẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo ní láti fi sọ irọ́ ọdún kan di òótọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ra ajílẹ̀ òyìnbó, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń lò sí àgbàdo, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí n kò rí nǹkan kan, mo tún bu òmíràn. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo ń bomi rin ín lálẹ́. Ẹnì kan ní omidan ògì dára fún òdòdó, mo dà á sí i. Ẹlòmíràn ní ewé tíì tí a ti sè ni, mo kó o lé e. Bí ẹní ń bọ́ ọmọ tí ó rù ni mo ṣe ń bọ́ ọ. Kí oṣù kẹfà tó dé, ewé méje ti di mẹ́rin, òórùn kan sì ń jáde láti inú ìkòkò náà tí ó mú mi rántí odò tí kò ṣàn.

Ọsẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò bàbá mi obìnrin wá kí mi láti abúlé wa ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ìyá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wo kọ̀rọ̀, wọ́n sì ní, "Ta ni ó ti pèrègún mọ́ inú yàrá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, òdòdó òyìnbó nìyẹn. Àwọn ọmọ ayé òde òní ni wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́."

Ìyá dìde, wọ́n na ewé rẹ̀ kan láàárín ìka méjì, wọ́n wo ojú àpá tí ewé tí ó ti já fi sí ara ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n ní, "Bí ọmọ bá wọ aṣọ aláràbarà, ṣé ìyá rẹ̀ kò níí dá a mọ̀ mọ́? Pèrègún ni. Ìlà ìyeyè yìí nìkan ni ó fi yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lójú ààlà oko bàbá rẹ."

Nígbà tí Ìyá sùn, mo lọ yẹ ìwé wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Dracaena fragrans ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe pèrègún. Fragrans túmọ̀ sí olóòórùn dídùn, nítorí òdòdó rẹ̀ tí í máa ta sánsán lálẹ́. Igi ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ó ń hù láti ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín títí dé Sudan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé Mozambique àti Angola. Nínú igbó, ó lè ga tó mítà 15. Èyí tí ó ní ìlà ìyeyè láàárín jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí àwọn òyìnbó yàn láàyò, tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò fún yàrá àti ọ́fíìsì káàkiri ayé. Igi wa ni ó lọ sí ẹ̀yìn odi, tí ó gba orúkọ mìíràn, tí ó sì padà dé bá wa nínú ọ̀rá dúdú. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá, mo gbé pẹ̀lú pèrègún ní yàrá kan náà fún ọdún púpọ̀, n kò dá a mọ̀.

Ó yẹ kí n dá a mọ̀. Pèrègún ni bàbá mi gbìn sójú ààlà, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba rìbá. Òun ni a ń bá ní ojúbọ. Kì í ṣe àwa nìkan ni a sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn Chagga tí wọ́n ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro, ní Tanzania, ń pè é ní masale. Àwọn náà fi í pààlà ilẹ̀ ìdílé, ẹni tí ó bá sì ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ lè mú ewé rẹ̀ lọ́wọ́ lọ tọrọ àforíjì. Aládùúgbò mi kan gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu Ìyá, ó sì bi mí wúyẹ́wúyẹ́ bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ Ògún. Ó ti lé ní ọdún kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ń yin igi náà, nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Dracaena.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá ti ìka bọ inú ìkòkò, wọ́n fà á yọ, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "O ń fi oúnjẹ há a lẹ́nu, o ń dí i nímú, o sì tì í mọ́ òkùnkùn. Ta ní í dàgbà bẹ́ẹ̀? Ṣí aṣọ fèrèsé yẹn."

Aṣọ fèrèsé náà nípọn, ìlọ́po méjì ni. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni mo ti fà á dé. Mo ní, "Ìyá, eruku títì ni."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Eruku nìkan?" N kò dáhùn. Ibùdókọ̀ tí ọmọ mi ti wọ ọkọ̀ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ fèrèsé yẹn. Mo dìde, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ariwo Ìwó Road wọlé, ìmọ́lẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà nípa bí igi ṣe ń dàgbà nínú ilé, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ó yé mi, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní. Èkínní ni pé ajílẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ igi. Igi fúnra rẹ̀ ní í se oúnjẹ rẹ̀. Ewé ni ìdáná, omi àti afẹ́fẹ́ ni ohun tí ó ń sè, ìmọ́lẹ̀ ni iná. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni ajílẹ̀. Ẹni tí kò dá iná, tí ó kàn ń da iyọ̀ sínú ìkòkò, ebi ni yóò pa á kú. Ojú wa a sì máa tàn wá jẹ nípa ìmọ́lẹ̀, nítorí pé ó tètè ń mọ́ra sí ibi tí ó ṣú. Oòrùn ọ̀sán gangan ní ìta lè tó 100,000 nínú ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lux. Ní kọ̀rọ̀ yàrá tí a fi aṣọ dí fèrèsé rẹ̀, ó lè má tó 100. Abẹ́ igi ńlá ni pèrègún ti ń hù nínú igbó, nítorí náà ó lè fara da òjìji. Ṣùgbọ́n ìfaradà kì í ṣe ìdàgbà. Kí ó má baà kú ni ó ṣe dúró sójú kan.

Èkejì ni pé gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀ nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ kò níí ráyè wọlé, gbòǹgbò yóò rà. Bí ajílẹ̀ bá sì pọ̀ jù, yóò fa omi jáde lára gbòǹgbò bí iyọ̀ ti ń fa omi jáde lára ẹja tútù. Ìdí nìyẹn tí ṣónṣó ewé fi gbẹ nígbà tí ìdí rẹ̀ rin gbingbin. Ìkòkò tí mo gbé e sí kò tilẹ̀ ní ihò kankan nídìí.

Èmi àti Ìyá yọ igi náà. Gbòǹgbò tí ó ti dúdú, tí ó ń yọ̀, a fi ọ̀bẹ gé e kúrò. A po ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn odò àti ìdọ̀tí tí ó ti jẹrà dáadáa, a gbìn ín sínú ìkòkò tí ihò wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ gbé e sínú èyí tí ó tóbi gan-an kí ó lè yára, Ìyá kọ̀. Wọ́n ní aṣọ tí ó bá fẹ̀ ju ọmọ lọ ní í gbé e ṣubú. Ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé yóò kàn máa gba omi dúró ni. A kò gbé e sójú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ewé tí ó ti mọ òkùnkùn lára, oòrùn òjijì yóò jó o. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń sún un fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ó fi dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, tí oòrùn kò sì lu ewé rẹ̀ tààrà. N kì í bomi rin ín mọ́ àfi tí mo bá ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kejì tí ó gbẹ. Oṣù méjì gbáko ni n kò fi fún un ní ajílẹ̀, lẹ́yìn náà díẹ̀ bín-ín-tín lóṣooṣù, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀.

Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń fi àkísà tútù nu ewé rẹ̀, torí pé eruku tí ó bo ewé, aṣọ fèrèsé mìíràn ni. Dúdú ni àkísà náà máa ń dà. Ìwádìí tí ọmọ mi kà wà lóòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni Wolverton ni ó ṣe é fún iléeṣẹ́ NASA ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, pèrègún sì wà nínú igi tí wọ́n dán wò. Ṣùgbọ́n nínú àpótí tí a dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì Drexel ṣe àgbéyẹ̀wò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé, ó kéré tán, igi 10 ni yóò wà lórí mítà onígun mẹ́rin kan kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe. Pèrègún kò fọ afẹ́fẹ́ mi mọ́. Èmi ni mò ń fọ ojú rẹ̀.

Ní ìparí oṣù keje, ọ̀mùnú kan yọ láàárín orí rẹ̀, ó ká bí lẹ́tà tí a kò tíì ṣí. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ògiri. Títí oṣù kọkànlá fi dé, ewé tuntun mẹ́fà ni ó yọ, ó sì fi ìka mẹ́rin ga sí i. Ìka mẹ́rin péré. Ojú fèrèsé ṣì jìnnà.

Nígbà náà ni ó yé mi pé gbogbo ohun tí mo lè ṣe ni mo ti ṣe. A lè mú ohun tí ó dènà igi kúrò. A kò lè bá a dàgbà. Bí a bá jẹ́ ará Chagga ni, ewé pèrègún ni ǹ bá mú lọ́wọ́. Fóònù nìkan ni mo ní. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ọmọ béèrè, mo ní, "Ọmọ mi, òdòdó rẹ kò tíì dé ìbàdí mi, áḿbọ̀sì àyà. Mo ti ń purọ́ fún ọ. Díẹ̀ ni ó kù kí n pa á. Pèrègún ni orúkọ rẹ̀."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo mọ̀. Ní ọdún Àjíǹde, ẹ ní ó ti dé àyà yín. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, ẹ ní ó ti dé ìbàdí." A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Èmi náà kò sọ òótọ́ fún yín." Iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó ní òun ń ṣe, kò sí níbì kankan. Alẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ní Manchester, ní oṣù Kejìlá, ojúmọmọ kò tó wákàtí 8. Bí ó bá fi máa jí lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ilẹ̀ ti ṣú. Ó ní ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí òun kì í fojú kan oòrùn rárá. Ní Ìbàdàn níbí, ojúmọ́ tí ó kúrú jù lọ lọ́dún kì í dín sí wákàtí 11 àti ààbọ̀. Ohun tí ọmọ mi ń wá kiri lọ́hùn-ún, aṣọ ni mo fi dí i nílé fún ọdún méjì.

Ó dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Ó rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì lọ dúró lójú fèrèsé, ó fi ìka wọn pèrègún láti ilẹ̀ dé orí, kò sọ nǹkan kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bá a níbẹ̀, tí ó gbé àga síbi tí oòrùn ń wọlé, tí ó ń sùn.

Kí ó tó padà, Ìyá ránṣẹ́ pé kí a gé orí igi náà. Ọkàn mi kò gbà á, lẹ́yìn gbogbo ìyà tí a jẹ lórí ìka mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí pèrègún ti rí nìyẹn: ibi tí a bá gé e, abẹ́ rẹ̀ ní í ta ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta, orí tí a gé náà yóò sì hù bí a bá fi gún ilẹ̀. Ọmọ mi ni ó gé e. A gbé orí náà lọ sí abúlé, Ìyá sì fi gún ilẹ̀ lójú ààlà oko bàbá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní ìlà lára. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, èèhù méjì yọ lára ọ̀pá tí ó kù ní pálọ̀.

Ó ṣì ń pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó bá ní, "Dádì, pèrègún ńkọ́?" mo máa ń ní kí ó dúró ná. Rúlà wà lójú fèrèsé. Mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kí n tó dáhùn. Èmi náà a sì bi í bóyá ó rí oòrùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn.